ẸNI TÍ Ó YÁ ẸGBẸ̀FÀ TÍ KÒ SAN ÁN

Ẹ̀kọ́ kíkà: II Àwọn Ọba 4:1-7, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:36-41, II Tímótíù 4:11, Fílémónì 10-19

  

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ní ìṣirò owó ẹyọ, ẹgbẹ̀fà ni 1,200, ẹgbèje sì ni 1,400. Igba péré ni ó wà láàárín wọn. Ẹni tí ó kùnà lórí èyí tí ó kéré ni kò ní rí èyí tí ó fi díẹ̀ jù ú lọ gbà. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bá ọmọ wí, bí a bá sì ti pa á tán, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà kò sọ ni a fẹ́ wò ní àkókò yìí. Igi tí a ti bẹ́ dínà, ṣé ó ṣe é gbé kúrò? Ta ni yóò gbé e? Yóò ti pẹ́ tó kí ọ̀nà tó là?

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, àìsàn sì tẹ̀ lé e, kò rí owó káàdì àwìn rẹ̀ san fún oṣù mélòó kan. Báǹkì bá kọ gbèsè náà sí òfò. Ní báyìí, ọmọ ti rí iṣẹ́ mìíràn, ara sì ti yá, ó ń fẹ́ kí báǹkì tún fọkàn tán òun, ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí ó kọ̀wé sí ni wọ́n ti ń dá a lóhùn pé rárá. Ìyá rẹ̀ wá béèrè pé: ṣé kí òun máa gbàdúrà ni, àbí kí òun sọ fún un pé kí ó lọ san owó tí báǹkì fúnra rẹ̀ ti sọ pé ó ti ṣòfò? A dá wọn lóhùn pé méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kúrú jù, ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo wa lè jọ jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí báǹkì ń wí. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹni tí ó ní káàdì àwìn kò bá san ohunkóhun fún 180 ọjọ́, ìyẹn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, àwọn tí ìjọba fi ṣe olùbójútó báǹkì ní kí báǹkì náà yọ owó yẹn kúrò lára ohun tí ó ń kà sí dúkìá, kí ó kọ ọ́ sí abẹ́ òfò. Ìwé ìṣirò ti báǹkì ni wọ́n fi èyí tún ṣe. Kì í ṣe ìwé ìdáríjì. Onígbèsè ṣì jẹ gbèsè. Báǹkì lè máa béèrè owó rẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè ta gbèsè náà ní pọ́ọ́kú fún àwọn tí ó fi gbígba gbèsè ṣe iṣẹ́ ṣe, àwọn yẹn náà sì lè gbé onígbèsè lọ sí kóòtù. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, Equifax, Experian àti TransUnion, fún nǹkan bí ọdún 7. Gbogbo báǹkì tí ọmọ náà bá tọ̀ lọ ni yóò sì kọ́kọ́ ṣí ìwé yìí wò.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà òyìnbó nìkan ni. Àwọn baba ńlá wa kò ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń gba gbèsè. Ológò ni wọ́n ń rán láti lọ dógò ti onígbèsè. Yóò jókòó sí ilé rẹ̀, yóò máa pariwo, yóò máa bú tàgbà tèwe, adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ó bá sì rí ni yóò pa jẹ, títí ara ilé yóò fi wá owó náà jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú di ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé òṣó ni wọn yóò ló sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí owó wọn yóò fi pé. Ẹlòmíràn a sì fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ yóò máa sin olówó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ yóò fi san ojú owó. Nítorí náà, obìnrin opó inú II Àwọn Ọba orí 4, tí olówó fẹ́ wá kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ, kò ṣe àjèjì sí àwọn ìyá ńlá wa. Bí wọ́n bá ka ìtàn rẹ̀ fún wọn, ẹkún ni wọn yóò bá a sun.

Ẹ wá kíyè sí ohun tí Èlíṣà ṣe fún un. Kò ránṣẹ́ pe olówó láti fi í bú. Kò gbàdúrà pé kí ìwé gbèsè jóná. Ó béèrè ohun tí ó kù nínú ilé, kólòbó òróró kan ṣoṣo sì ni. Ó ní kí ó lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. (Ẹ gbọ́ ná: obìnrin tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò ṣì fọkàn tán an láti yá a ní ìkòkò! Gbèsè ló jẹ, ìwà rẹ̀ kò bàjẹ́.) Nígbà tí òróró kún gbogbo ìkòkò, wòlíì ní kí ó lọ tà á, kí ó san gbèsè rẹ̀, kí òun àti àwọn ọmọ sì máa fi ìyókù jẹun. Iṣẹ́ ìyanu ni òróró. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni obìnrin náà fi rìn lọ sí ọjà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó sì fi gbé owó lọ fún olówó.

A ń gbọ́ nípa àwọn ìsìn kan tí wọ́n ti ń ní kí ènìyàn kọ iye gbèsè rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí wọ́n dáná sun ún. A kò bá ẹnikẹ́ni jà o. A kàn ń béèrè ni: ìwé ti ẹni tí a jẹ lówó ńkọ́, ta ló bá wa sun ún?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ Jòhánù Máàkù, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ọmọ Màríà kan ni, obìnrin tí ilé rẹ̀ ní Jérúsálẹ́mù jẹ́ ibi tí ìjọ ti ń gbàdúrà ní òru tí Pétérù jáde kúrò nínú túbú. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ bí? Ọmọ ilé àdúrà ni. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà mú un dání lọ sí ìrìn àjò wọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Págà ti Páḿfílíà, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó padà sí ilé. Nígbà tí ó yá, tí wọ́n fẹ́ tún lọ bẹ àwọn ìjọ wò, Bánábà ní kí wọ́n mú Máàkù dání. Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀. Ìjà náà gbóná débi pé àwọn méjèèjì tí wọ́n ti jọ jìyà, tí wọ́n ti jọ wàásù, pínyà síra. Pọ́ọ̀lù mú Sílà, Bánábà sì mú Máàkù wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kípírù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń dá Pọ́ọ̀lù lẹ́bi níhìn-ín pé kò ní ìdáríjì. A kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí a ti kà á pé Pọ́ọ̀lù ní kí Máàkù má ṣe wọ ilé ìsìn mọ́, tàbí pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́. Ohun tí ó sọ ni pé ẹni tí ó fi wọ́n sílẹ̀ láàárín ọ̀nà kò yẹ ní ẹni tí wọn yóò tún mú lọ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ìdáríjì, ọ̀tọ̀ ni ìfọkàntán. Ìdáríjì lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó wà, ó sì lè fi fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ìfọkàntán a máa gba ọjọ́, nítorí pé a óò fi ojú rí i ni. Bí ọmọ bá fọ́ ìkòkò ọbẹ̀, ìyá rẹ̀ lè dárí jì í kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, abọ́ onírin ni yóò kọ́kọ́ gbé fún un. Ìkà kọ́ nìyẹn.

Bánábà ńkọ́? Òun náà kò sọ pé Máàkù kò ṣẹ̀. Ó mú un lọ sí Kípírù, ilẹ̀ tí a bí Bánábà fúnra rẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti lè bo ọmọkùnrin náà títí yóò fi ní orúkọ tirẹ̀. Ìwé Ìṣe kò tún dárúkọ Máàkù mọ́ lẹ́yìn èyí. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ń wò ó. Nígbà tí ó yá, Pọ́ọ̀lù ti wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó sì ń kọ̀wé sí Tímótíù pé kí ó mú Máàkù dání bọ̀ nítorí pé ó wúlò fún òun. Àwọn tí ń ṣírò ọdún inú Bíbélì gbà pé ó lé ní ọdún 10 láàárín ìjà yẹn àti ìwé yìí. Ẹni tí Pọ́ọ̀lù ti kọ sí òfò ni ó wá ń ránṣẹ́ pè.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìtàn yìí padà lọ bá ọmọ wa ní Amẹ́ríkà. Kí ni Kípírù tirẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó wo ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Láti ọdún 2023, ó ti di ohun tí yóò máa wà títí pé ẹnikẹ́ni lè rí àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Bí báǹkì bá kọ̀ ọ́, òfin ní kí báǹkì sọ ìdí rẹ̀ fún un, ó sì ní 60 ọjọ́ láti béèrè ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí báǹkì ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá rí ohun tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀, kí ó kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, láàárín 30 ọjọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. A mọ̀ pé ojú máa ń ti ènìyàn láti ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn kan a máa kó lẹ́tà báǹkì sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì láìṣí i. Gbèsè inú lẹ́tà tí a kò ṣí kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dín kù.

Lẹ́yìn èyí, kí ó san gbèsè náà. Ìbéèrè ìyá rẹ̀ nìyẹn, a kò sì ní fi yí ẹnu. Onísáàmù pe ẹni tí ó yá owó tí kò sì san án ní ènìyàn búburú, ní Sáàmù 37. Bí kò bá lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó bá wọn dúnàádúrà, wọ́n sì máa ń gbà bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó gba àdéhùn náà ní kíkọ kí ó tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé ẹni tí ń béèrè owó náà ni ẹni tí ó ni ín, nítorí pé wọ́n lè ti tà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dá 600 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba, owó orí sì lè wà lórí ohun tí wọ́n dá sí náà. Sísan gbèsè kò ní pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ṣáájú àkókò rẹ̀. Ohun tí yóò yí padà ni pé wọn yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti san án, kò ku nǹkan kan. Báǹkì tí ó bá ka èyí yóò rí ẹni tí ó ṣubú tí ó sì padà wá san owó. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìyẹn àti ẹni tí ó sá lọ.

Kípírù rẹ̀ gan-an ni káàdì kékeré tí a fi owó dógò. Yóò kó owó tirẹ̀, ó lè jẹ́ 200 dọ́là, sí ọwọ́ báǹkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ń pè ní credit union. Wọn yóò fún un ní káàdì tí kò ju iye yẹn lọ. Owó ara rẹ̀ ni ó dúró fún un. Yóò fi ra oúnjẹ díẹ̀ tàbí epo ọkọ̀, yóò sì san gbogbo rẹ̀ pátá kí ọjọ́ tó pé, lóṣooṣù, láìyẹ̀. Ìròyìn rere yìí ni wọn yóò máa kọ sínú ìwé rẹ̀ lóṣooṣù. Nínú ìṣirò FICO, èyí tí ọ̀pọ̀ báǹkì níbẹ̀ ń lò, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 300 dé 850, ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lórí bóyá ènìyàn ń san owó lásìkò, ìdá 30 sì wà lórí iye tí ó jẹ. Ẹ ò rí i pé ohun méjì yìí nìkan ti lé ní ìdajì? Òkìkí kọ́, ẹ̀kọ́ gíga kọ́, aṣọ olówó iyebíye kọ́. Olúwa wa sọ ọ́ nínú Lúùkù 16 nípa ẹni tí ó ṣe olóòótọ́ nínú ohun kíkíní. Kí ó má sì ṣe máa kan ilẹ̀kùn báǹkì mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí pé gbogbo ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ó sì ń wà níbẹ̀ fún ọdún 2. Báǹkì tí ó kọ́kọ́ pàdánù owó sọ́wọ́ rẹ̀ lè má gbàgbé láé. Àwọn báǹkì kan a máa tọ́jú ìwé tiwọn fúnra wọn. Kí ó má bínú, kí ó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Sílà ni Pọ́ọ̀lù mú dání lọ, Máàkù kò sì tìtorí rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́tàn kan wà tí wọn yóò sọ fún un pé kí ó san owó fún wọn, àwọn yóò pa gbogbo àkọsílẹ̀ búburú rẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1996 kò gbà kí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba owó kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí. Ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ìwé náà, kò sí ẹni tí ó ní oògùn tí yóò fi pa á rẹ́.

Kí a tó kúrò ní ilẹ̀ wọn, ohun kan wà tí ó yẹ kí àwa obìnrin mọ̀. Títí di nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ báǹkì ní Amẹ́ríkà kì í fún obìnrin ní káàdì àyàfi bí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Opó ńkọ́? Ẹni tí kò lọ́kọ ńkọ́? Ọdún 1974 ni wọ́n ṣe òfin tí ó ka èyí léèwọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin wa bá ń jà láti gba orúkọ rẹ̀ padà, orúkọ tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti bàbá tàbí ti ọkọ.

Nílé wa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ti ń sún mọ́ wa ju bí a ti rò lọ. Láti ọdún 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ ti mú BVN wá, tí ó so gbogbo àpò owó wa mọ́ orúkọ àti ìka ọwọ́ wa. Ní ọdún 2017 ni a ní òfin lórí àkọsílẹ̀ gbèsè. Ní ọdún 2020 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò GSI, tí ó fún báǹkì tí a jẹ ní agbára láti yọ owó rẹ̀ nínú àpò tí a ní ní báǹkì mìíràn. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó jẹ gbèsè ní Iléṣà lè lọ máa gbé ní Ìbàdàn. Ní báyìí, igi tí a bẹ́ ní báǹkì kan ti ń dínà ní gbogbo báǹkì. Àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù ńkọ́? A gbọ́ bí àwọn kan nínú wọn ti ń fi ìwé ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè, títí kan olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀. Ológò àtijọ́ ni ó padà wá, fóònù ló gbé dání. Ìwà burúkú ni. Síbẹ̀, owó tí a yá, a yá a ná.

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí a ti wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1705, wọ́n ti bàbá John Wesley, Àlùfáà Samuel, mọ́ inú ẹ̀wọ̀n ní Lincoln nítorí gbèsè tí kò tó 30 pọ́n-ùn. Ìyá wọn, Susanna, kó àwọn òrùka rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kí ó fi ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé kò ní ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rere, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti York pẹ̀lú wọn, ni wọ́n ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ó fi jáde. Ọmọ ọdún 2 ni John nígbà náà. Bóyá èyí wà nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí òun àti Charles gbé Òfin Gbogbogbò jáde ní ọdún 1743, tí wọ́n kà á mọ́ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ṣe pé kí ó yá owó tàbí kí ó ra ọjà àwìn tí kò sí ìrètí pé yóò lè san án. Ṣùgbọ́n Wesley kò fi òfin nìkan sílẹ̀ fún tálákà. Ní ọdún 1746 ó kó 30 pọ́n-ùn àti ṣílè 16 jọ, ó fi ṣe owó ìyáni fún àwọn aláìní ní London. Kò sí ẹni tí wọ́n ń yá ju 20 ṣílè lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń san án padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Láàárín oṣù 18, ènìyàn 255 ni ó rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú owó kékeré yìí. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ń san án padà ni, ìbá ti tán lọ́wọ́ ọgbọ̀n ènìyàn àkọ́kọ́.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù lọ ni bí kíláàsì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àdúrà ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Gbèsè ni! Ní oṣù kejì ọdún 1742, ní Bristol, wọ́n ń wá ọ̀nà láti san gbèsè ilé ìsìn wọn. Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Foy ní kí olúkúlùkù máa mú pẹ́nì kan wá lọ́sẹ̀. Ẹnìkan dáhùn pé àwọn tálákà kò ní lè san án. Foy ní kí wọ́n kó mọ́kànlá nínú àwọn tí ó tálákà jù fún òun, òun yóò máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọn kò bá sì ní, òun yóò san án mọ́ tòun. Bí olórí kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé dé ilé nìyẹn. Nígbà tí ó dé ilé, ó rí i pé kì í ṣe owó nìkan ni ó wọ́n àwọn ènìyàn náà.

Nítorí náà, a ń bẹ̀ ẹ̀yin olórí kíláàsì. Bí arábìnrin kan bá ti ń pa ìpàdé jẹ, tí ó ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, tí kò wọ aṣọ ẹgbẹ́ mọ́, ẹ má kọ́kọ́ rò pé ó ti tutù nínú ẹ̀mí. Ó lè jẹ́ pé ó jẹ ẹnìkan nínú wa lówó ni. Ẹ lọ bá a nílé, ẹ lọ ní ẹyọ ẹnìkan, kì í ṣe ẹni mẹ́fà. Ẹ jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ bá a ṣí àwọn lẹ́tà abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ jọ kọ iye tí ó jẹ àti ẹni tí ó jẹ sílẹ̀, kí ẹ sì bá a lọ bẹ olówó pé kí ó jẹ́ kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ó má dé ibi tí a ti ń se oúnjẹ ìkórè o.

Ti onídùúró ńkọ́? Ìwé Òwe orí 6 kìlọ̀ fún wa gidigidi nípa dídúró fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kan náà tí ó kọ Máàkù ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé sí Fílémónì nípa Ónésímù pé ohunkóhun tí ó bá jẹ ẹ́, kí ó kà á sí òun lọ́rùn, òun yóò san án. Bí a bá fi méjèèjì sí ojú kan, ohun tí a rí ni pé kí a dúró pẹ̀lú ohun tí a lè pàdánù láìpa ilé wa run, kí a má sì ṣe dúró fún ìyókù. Ìyá ọmọ tí a ń sọ yìí fẹ́ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó fi san gbèsè ọmọ ní Amẹ́ríkà. A sọ fún un pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Kí ìyá máa gbàdúrà, kí ó máa pè é ní ìparí oṣù kí ó sì béèrè bóyá ó ti san ti oṣù yìí. Ìyá náà ní ọmọ òun kì í fẹ́ gbọ́ ìbéèrè yẹn. A ní kí ó ṣáà máa béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa, a rántí àwọn arábìnrin wa àti àwọn ọmọ wa nílé àti lókè òkun tí gbèsè kò jẹ́ kí wọ́n sùn ní òru yìí. Fún wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò fi san án, àti ìgboyà láti ṣí lẹ́tà wọn. Fi ẹni bíi Bánábà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tí ó sì ń gbé owó padà bọ̀ lónìí, bí ó ti wù kí ó kéré tó, bá a ṣí ilẹ̀kùn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.